Ṣé ìyá ni mo jẹ́ fún òṣìṣẹ́ mi ni, àbí ọ̀gá?

ÌBÉÈRÈ (Aránṣọ Òkè-Fìà):

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Èèyàn márùn-ún ló wà lọ́dọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù: ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mẹ́ta, àti méjì tí mò ń sanwó oṣù fún. Ọ̀kan nínú àwọn méjì yìí, èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi ni mo ṣe fíríìdọ̀mù fún un, ó sì ti lé ní ọdún méjì báyìí tó ti ń gbowó lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó mọ aṣọ rán tó o níbẹ̀. Tó bá di ìdí kọ́là, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ.

Ọmọ rẹ̀ ló ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Láti bí oṣù mẹ́rin, ọsibítù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ilé wọn. Mo ti fún un lówó. Mo ti ní kó máa tètè lọ sílé. Mo ti gbé oúnjẹ lọ bá wọn ní wọ́ọ̀dù fúnra mi. Ní báyìí, aago mọ́kànlá ló ń wọlé, lọ́jọ́ mìíràn kì í wá rárá, kì í sì í pè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó gé léèsì oníbàárà sódì, yáàdì márùn-ún, ₦65,000. Èmi ni mo ra òmíràn rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó kù ti ń kùn. Etí mi gbọ́ ọ tí ọ̀kan sọ pé, "Ṣé ọmọ tiwa náà ò lè ṣàìsàn ni?"

Bí mo bá lé e, mi ò ní lè sùn. Bí mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù á dà wó lé mi lórí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kó òṣìṣẹ́ jọ rí, kí ni kí n ṣe?

* * *

ÌYÁ ALÁRÓ:

Aṣọ ni mò ń rẹ láró ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo níbí, ó ti lé ní ogún ọdún, ojú mi sì ti rí òṣìṣẹ́. Kí n tó sọ nǹkan kan, ẹ dá mi lóhùn: lọ́jọ́ tó gé léèsì yẹn, kí lẹ sọ fún un? Mi ò béèrè ohun tó wà lọ́kàn yín o. Ohun tó jáde lẹ́nu yín gan-an ni mò ń béèrè.

Ìdí tí mo fi béèrè ni pé ẹ ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ṣe fún un sílẹ̀, owó, oúnjẹ, àyè àtitètè lọ sílé. Mi ò rí ibì kankan tẹ́ ẹ ti jókòó bá a sọ̀rọ̀.

* * *

ÌYÁ ALÁRÓ, lẹ́ẹ̀kan sí i:

Aránṣọ kò tíì dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó kù ti dà bo ọ̀rọ̀ náà bí ìgbà tí eṣú bá bo oko. Mo kà gbogbo rẹ̀. Àwọn kan ní kó lé e lónìí, pé ọjà ò mọ ọmọ aláìsàn, oníbàárà ò sì ní tìtorí àìsàn ọmọ ẹni ẹlẹ́ni wọ aṣọ tí wọ́n rán wọ́gọwọ̀gọ lọ òde. Àwọn kan ní kó mú sùúrù, pé Ọlọ́run ló ń dán an wò. Bàbá Rewáyà tó ń tún wáyà inú ẹ̀ńjìnnì iná mànàmáná wé nítòsí Ọláìyá ní kó má lé e, kó má sì mú sùúrù, kó ṣáà máa gé ₦5,000 nínú owó rẹ̀ lóṣooṣù títí owó léèsì á fi pé. Ó ní bóun ṣe ń ṣe é láti ọdún mọ́kànlá nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó kú.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ti Bàbá Rewáyà bẹ̀rẹ̀, torí òun ni èèyàn ń gbóríyìn fún jù.

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń pè ní Labour Act, apá 5 rẹ̀ kò fún ọ̀gá láyè láti yọ owó ìtanràn nínú owó òṣìṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí àìbìkítà rẹ̀ ló bà á jẹ́, ọ̀gá lè yọ ìwọ̀n tó mọ níwọ̀n, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lákọsílẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sì yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ta ló ń ka òfin ní ọjà Ìgbóná. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká gbé òfin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí n sọ ohun tójú mi rí.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọdún Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kan, ìgbà tí à ń tajà jù nìyẹn. Aró tí à ń lò, kọ́sítííkì sódà àti háídírósì, kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí aró wọnú òwú, la fi ń pò ó. Bí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nínú rẹ̀, á rí bí ewé tútù, afẹ́fẹ́ ló máa sọ ọ́ di búlúù lójú yín kòròkòrò. Ṣùgbọ́n tí háídírósì bá ti kú, tí kò lágbára mọ́, aró ò ní wọnú òwú. Orí aṣọ ni á jókòó sí, omi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fi ṣàn án á sì gbé e lọ. Aṣọ méjìdínlógún ló bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọmọkùnrin tó pò ó ní, "Màmá, bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi ni mo ṣe wọ̀n ọ́n." Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé. Mo gé ₦12,000 nínú owó rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pín in sí.

Nígbà tó yá, èmi fúnra mi po aró láti inú àpò háídírósì kan náà. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Àpò tí wọ́n ti tú, tí ọ̀rinrin ti wọ̀, ni mo rà lówó pọ́ọ́kú. Èmi ni mo rà á, èmi ni mo sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí omi ń jò sí.

Mo dá owó ọmọ náà padà, mo bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wọn. Ó dúpẹ́, ó gbowó. Kò dé Kérésì tó fi lọ.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù o. Lẹ́yìn tí mo gé owó yẹn, kò sẹ́ni tó sọ àṣìṣe fún mi mọ́. Ṣe ni mò ń bá aṣọ tó bàjẹ́ lábẹ́ àpò, lẹ́yìn agbada, níbi tí wọ́n ká a pamọ́ sí. Tẹ́lẹ̀, bí nǹkan bá bàjẹ́ láàárọ̀, màá gbọ́ kó tó di ọ̀sán, màá sì lè tún un ṣe. Bàbá Rewáyà, ẹ ní kò sẹ́ni tó kú. Ẹ lọ wo abẹ́ tábìlì àwọn ọmọ yín.

* * *

ARÁNṢỌ ÒKÈ-FÌÀ:

Mo rí ìbéèrè yín, Màmá. Kí n sòótọ́, ohun tí mo sọ fún un ni pé, "Kò burú, ọmọ ẹ ni kó o gbájú mọ́." Mo wá wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, mo sunkún. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, mo rojọ́ rẹ̀ fún wákàtí kan gbáko.

* * *

ÌYÁ ALÁRÓ:

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ ọ́. Wákàtí kan lẹ fi bá ẹ̀gbọ́n yín sọ ọ́, ẹni tí kò gé léèsì kankan. Ẹni tó gé e, "kò burú" ló gbọ́.

Ó burú. Ẹ mọ̀ pé ó burú. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó wà níbẹ̀ mọ̀. Òun nìkan ni kò mọ̀, torí pé ẹ̀yin tó gbọ́kàn lé lẹ ní kò burú. Ó ṣeé ṣe kó máa rò pé oníbàárà gbà á bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá wá kún yín dẹ́nu, gbogbo rẹ̀ lẹ máa dà lé e lórí pa pọ̀, ti oṣù mẹ́rin, á sì máa wò yín bí ẹni tó ya wèrè lójijì. Mo ti ṣe é rí. Òṣìṣẹ́ mi kan bi mí léèrè pé, "Màmá, ìgbà wo nìyí bẹ̀rẹ̀?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Ẹnì kan ti kọ ọ́ sókè pé ọwọ́ ọ̀tún la fi ń bá ọmọ wí, ọwọ́ òsì la fi ń fà á mọ́ra. Èèyàn tó gbà á pọ̀. Èmi náà gbà á, àmọ́ ẹ wo bí a ṣe ń lò ó. A ó fi òsì fà á mọ́ra fún oṣù mẹ́rin, lọ́jọ́ kan ṣoṣo a ó wá fi ọ̀tún gbá a dànù. Ẹni tó pa òwe náà kò sọ pé kí ọwọ́ méjèèjì máa gba ìsinmi fún ara wọn. Ọjọ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọmọ ni òwe ń sọ. Obìnrin yìí ti bímọ, ó ti ṣe fíríìdọ̀mù, owó oṣù ló ń gbà. Mọ́mì tí wọ́n ń pè wá yìí dùn létí, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń tàn wá. Ìyá kì í lé ọmọ. Torí náà, bí ìyá orí ahọ́n bá rẹ̀ wá, ìkà la máa ń dà, torí a ò fi àyè sílẹ̀ fún ara wa láti jẹ́ ọ̀gá lásán.

Ohun tí èmi máa sọ fún un nìyí. Láàárọ̀, kí oníbàárà tó dé, ẹ̀yin méjèèjì nìkan. Ẹ má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp o, ẹ jọ̀ọ́.

"Léèsì yẹn bàjẹ́. ₦65,000 ni mo fi ra òmíràn, àpò ara mi ló ti jáde. Ọjọ́ mẹ́fà lo pẹ́ láìpè lóṣù yìí, mo kọ wọ́n sílẹ̀. Mo mọ ohun tó ń ṣe ọmọ ẹ, mi ò sì fẹ́ kó o lọ. Sọ fún mi, aago mélòó lo lè dé, kó jẹ́ òótọ́?"

Lẹ́yìn náà kí ẹ dákẹ́.

Ìdákẹ́ yẹn ló le jù. Àwa níbí, ẹnu wa kì í gbà á. Kí ẹnìkejì tó ronú, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà: Ọlọ́run á wo ọmọ náà sàn, àmín, ẹkún ò ní í pẹ́ títí, àmín. Kálukú á gbéra ńlẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a tìtorí ẹ̀ jókòó ò jáde. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó dáhùn. Àdúrà ò ní í sá lọ.

* * *

ÌYÁ ALÁRÓ:

Bàbá Rewáyà fèsì pé mò ń kẹ́ àwọn ọmọ bàjẹ́, pé ọ̀gá tí kò bá mú owó nínú àpò òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ á mú tirẹ̀ nínú àpò ọ̀gá. Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, bàbá. Ṣé ẹ lọ wo abẹ́ tábìlì?

Ẹlòmíràn ní kí n yéé pariwo ìwé àti òfin, pé àwọn ayàwòrán tó gbé orúkọ Òṣogbo jáde sí ayé, kò sẹ́ni tó fi ìwé dè wọ́n, ọ̀dà àti páálí ni wọ́n ṣáà fún wọn. Kò jìnnà sóòótọ́. Dúró Ládiípọ̀, eléré orí ìtàgé, dá Mbari Mbayo, ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ níbí ní 1962. Nígbà tí ayàwòrán kan, Georgina Beier, darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tibẹ̀ ní 1964, kò dúró lé ẹnikẹ́ni lórí láti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ya ojú àti imú. Ó fún wọn ní nǹkan èlò, ó fún wọn láyè. Nínú àwọn ọ̀dọ́ ìgbà yẹn la ti rí Twins Seven Seven, Jímọ̀ Bùráímọ̀, Rúfọ́ọ̀sì Ògúndélé àti Múráínà Oyèlámì. Ṣùgbọ́n àyè tí wọ́n fún wọn yẹn, ojú wà lára rẹ̀. Wọ́n ń wo iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń sọ èyí tó ní ẹ̀mí. Fífúnni láyè àti pípatì kì í ṣe ìkan náà.

Ohun mìíràn tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni ti orúkọ. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí tẹ́lẹ̀ kó tó di pé òun àti Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria, jọ ṣiṣẹ́. Lónìí, tẹ́ ẹ bá wọ Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, orúkọ Àkànjí ni wọ́n á fi pe iṣẹ́ tí Àkànjí ṣe. Wọn ò da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Wenger. Èmi náà ń so páálí kékeré mọ́ etí aṣọ kọ̀ọ̀kan báyìí: ta ló ta àbẹ́là sí i, ta ló rẹ ẹ́, ta ló sè é kí àbẹ́là lè yọ́ kúrò. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ bínú, wọ́n ní mo fẹ́ máa fi mú olè. Nígbà tí oníbàárà kan láti Èkó wá dé, tó gbé aṣọ kan sókè, tó ní ta ló ṣe èyí, mo ka páálí, mo pe orúkọ. Láti ọjọ́ náà, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń rán mi létí bí mo bá gbàgbé páálí.

Ó tún parí ìjà kan. Bí àbẹ́là ò bá gbóná dénú, orí aṣọ ló máa jókòó sí, aró á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹ ò sì ní mọ̀ àfi lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti sè é tán. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ta á máa ń ní ẹni tó rẹ ẹ́ ni, ẹni tó rẹ ẹ́ á ní ẹni tó ń dáná ni. Ẹni tí kò mọ ẹnu í sọ ló ń gba ẹ̀bi. Ní báyìí, páálí ló ń sọ̀rọ̀.

* * *

ÌYÁ ALÁRÓ:

Ẹnì kan bi mí nípa nínà. Mi ò na ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mọ́. Wọ́n nà mí nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, ohun tí mo sì rántí nínú rẹ̀ ni ìrora, mi ò rántí ẹ̀kọ́ kankan. Tí ọmọ bá ń da sódà láìwọ ìbọ̀wọ́, kẹ́ ẹ tó jágbe mọ́ ọn, ẹ wò ó bóyá ẹ ra ìbọ̀wọ́. Mi ò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ sọ.

* * *

ÌYÁ ALÁRÓ:

Ẹ jẹ́ ká padà sí Òkè-Fìà, torí ìkùnsínú àwọn tó kù ò tíì kúrò nílẹ̀. Àwọn kan ti ń bú ẹni tó ní "ṣé ọmọ tiwa náà ò lè ṣàìsàn ni", pé aláìláàánú ni. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè gidi ló béèrè. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àánú yìí á kan òun náà lọ́jọ́ tó bá di tòun, àbí ẹni tí màmá fẹ́ràn jù ló wà fún.

Torí náà, ẹ fẹnu sọ ọ́ fún gbogbo wọn. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ bá wà ní ọsibítù, iye ọjọ́ báyìí ló máa gbà lóṣù, owó rẹ̀ ò ní í dín, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ pè kí aago mẹ́jọ tó lù. Ẹ̀yin lẹ máa mọ iye ọjọ́ tí agbára ṣọ́ọ̀bù yín gbé. Ti àgbàlá aró mi jẹ́ mẹ́ta. Owó tẹ́ ẹ bá fi ṣàánú, ẹ jẹ́ kó yàtọ̀ sí owó iṣẹ́. Ẹ má fún un ní ₦10,000 lọ́wọ́ ọ̀sán kẹ́ ẹ wá máa rò lọ́kàn pé ó jẹ yín ní wíwá lárààárọ̀. Kò mọ̀ pé gbèsè ni. Ọrẹ lẹ pè é.

Nípa iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, mo ní àbá kan, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Tí kò bá lè dé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí owó oṣù fún oṣù mẹ́ta, tóun náà bá gbà, kẹ́ ẹ máa san iye aṣọ tó bá rán. Kọ́là tẹ́ ẹ ní ó mọ̀ jù yín lọ yẹn, ẹ kó o fún un, ó lè rán an nírọ̀lẹ́. Gígé aṣọ olówó ńlá, kí ẹlòmíràn máa gé e fún ìgbà yìí ná. Ìyà kọ́ nìyẹn o. Ẹni tí kò sùn lóru, tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, a kì í fi sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́ lórí léèsì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé léèsì yẹn fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ ní ìpín tiyín nínú ₦65,000.

Mo mọ̀ pé gbólóhùn yẹn á ta yín lára. Ó ta mí náà nígbà tí ó kàn mí.

Bó bá di oṣù mẹ́ta tí kò sì yàtọ̀, ó lè lọ. Mi ò sọ pé kò gbọdọ̀ lọ láé. Ẹni tó ti lo ọdún méjì sí ọdún márùn-ún, òfin ní kẹ́ ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì kó fi múra. Tó bá pé ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan. Ẹ san owó rẹ̀ pé, kẹ́ ẹ sì fi ẹnu yín sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ẹ má jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́.

* * *

ARÁNṢỌ ÒKÈ-FÌÀ:

Mo ti bá a sọ̀rọ̀, Màmá. Àárọ̀ àná. Mo sọ iye léèsì, ó yanu sílẹ̀. Ó ní òun rò pé oníbàárà ló ní aṣọ sílé, tó mú òmíràn wá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́. Ó sunkún, èmi náà fẹ́ sunkún, mo fi eyín mú ètè.

Mo dákẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ní. Ó pẹ́ o! Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní aago mẹ́wàá òun ò ní í purọ́, òun ò lè dé ṣáájú rẹ̀, torí ìyá òun tó ń bá òun dúró ti ọmọ ń tajà ní Ọjà Ọba láàárọ̀, ó dìgbà tó bá padà. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Oṣù mẹ́rin, mi ò béèrè. Ó gba ti kọ́là. Ti owó iye aṣọ, ó ní kí òun ronú sí i. Ọ̀rọ̀ gígé ló bí i nínú díẹ̀, ó ní ṣé mi ò fọkàn tán òun mọ́ ni. Mo ní fún oṣù mẹ́ta. Ó ní ó dáa, àmọ́ ojú rẹ̀ ò dáa.

Lónìí, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló dé. Ó pè.

* * *

ÌYÁ ALÁRÓ:

Ojú tí kò dáa yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má lọ máa rọ̀ ọ́. Oṣù mẹ́ta yẹn, ọjọ́ wo ló pé? Ẹ kọ ọ́ sára ògiri níbi tí ẹ̀yin méjèèjì á ti máa rí i.